Wọn Ò Jókòó Láti Ọdún 1922: Ìbéèrè Yín Lórí Bọ́ọ̀lù Texas A&M

Bọ́ọ̀lù tí ibí yìí ń sọ ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ọwọ́ gbé sá, kì í ṣe èyí tí àwa ń fẹsẹ̀ gbá. Ìwé mẹ́rin la mú lára àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí yunifásítì Texas A&M, ní ìlú College Station, ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà.

Ọmọ mi wọlé síbẹ̀ lọ́dún yìí. Mo bá a lọ wo eré, àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wà, wọn ò sì jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Kí ló dé? — Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Houston

Ẹ kú ìnáwó ọmọ, Mà. Wọ́n ń dúró de ìpè ni. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1922, ní Dallas, A&M ń bá Centre College ta kàn-ń-gbọ̀n, ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ na Harvard ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Àwọn agbábọ́ọ̀lù A&M ń ṣèṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn arọ́pò sì ń tán lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Dana X. Bible, wá ránṣẹ́ pe E. King Gill, ọmọkùnrin kan tó ti fi bọ́ọ̀lù yìí sílẹ̀ lọ síbi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, tó wà lókè lọ́dọ̀ àwọn oníròyìn, tó ń bá wọn dá àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ̀. Gill sọ̀ kalẹ̀, ó wọ aṣọ ẹni tó ti ṣèṣe, ó sì dúró lẹ́bàá pápá títí eré fi parí. A&M borí pẹ̀lú 22 sí 14. Gill ò fẹsẹ̀ kan pápá rárá. Dídúró yẹn ni wọ́n ń pè ní Ẹni Kejìlá, nítorí mọ́kànlá ló ń wọ pápá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ dídúró yìí kàn, Mà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní apá ibòmíràn nígbà míì, ẹ ó rí ibi jókòó sí. Tí ó bá sì jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn lẹ tún wà, ẹ má pariwo lódìkejì wọn. Wọn ò ní àwọn ọmọbìnrin oníjó lẹ́bàá pápá. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tí ẹgbẹ́ wọn dìbò yàn ló ń fi ọwọ́ ṣe àmì ariwo tó kàn, àmì náà á sì ti ìsàlẹ̀ gòkè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá. Wọn á tẹ̀ síwájú, wọn á gbé ọwọ́ lé orúnkún, kí wọ́n tó ké e. Ẹni tó bá ké kí àmì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo ojú ló máa wò ó.

Àṣà yìí ò dúró sójú kan o. Lọ́dún 1983, akọ́nimọ̀ọ́gbá Jackie Sherrill ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lásán wá dán ara wọn wò. Ó yan mẹ́wàá nínú wọn láti máa sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbá sí àwọn alátakò nílé. Ẹni tó ń gbá a nìkan ni kì í ṣe ara wọn. R.C. Slocum tó gba ipò rẹ̀ dín in kù sí ẹyọ ẹnì kan tó ń wọ nọ́ńbà 12. Bó ṣe wà títí dòní nìyẹn: ẹni tí kò wá lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tó fi òógùn wá ipò rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.

Mò ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Mo gbọ́ pé igi tí wọ́n tò jọ fún iná ńlá kan wó pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Kí ló wó o gan-an? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Bonfire ni wọ́n ń pe iná náà, wọ́n sì ń dá a kí wọ́n tó pàdé Texas, ìyẹn yunifásítì Texas tó wà ní Austin, ọ̀tá wọn àtayébáyé. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a nínú ọgbà, lọ́dún 1909, pàǹtírí àti pákó àlòkù ni wọ́n kó jọ. Lọ́dún 1935, àgbẹ̀ kan fẹjọ́ sùn pé wọ́n ti tú odindi abà òun kó lọ, láti ìgbà náà sì ni yunifásítì ti ń fún wọn ní igi tí wọ́n máa gé. Ó di ìtì igi, ó di àkàsọ̀ lórí àkàsọ̀, títí ó fi ga tó ẹsẹ̀ bàtà 109 lọ́dún 1969. Àwọn aláṣẹ wá pàṣẹ pé kó má kọjá 55.

Ti ọdún 1999 ti ga tó 59, pẹ̀lú nǹkan bí 5,000 ìtì igi, nígbà tó wó ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 42 òru, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá. Ènìyàn 12 kú, 27 farapa.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyí: òpó ńlá kan wà láàárín, ìpele àkọ́kọ́ dúró lórí ilẹ̀ yí i ká, ìpele kejì dúró lé èkíní lórí, bẹ́ẹ̀ lọ sókè bíi kéèkì ìgbéyàwó. Lọ́dún yẹn, wọ́n ń fi agbára ti ẹsẹ̀ àwọn igi ìpele kejì wọ àárín àwọn ti ìpele kìíní. Ẹ wo bí a ṣe ń fi èèkàn la igi ìdáná: bí ẹ bá ṣe ń lù ú wọlé, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ti igi méjèèjì síta. Ìwọ̀n gbogbo ohun tó wà lókè sì ń tẹ èèkàn náà mọ́lẹ̀. Ohun tó yẹ kó di ìpele kìíní mú ni wáyà tí wọ́n fi so igi mọ́ igi, pẹ̀lú okùn irin tí wọ́n ti ń yí i ká láwọn ọdún tó ṣáájú. Wáyà náà ò lágbára tó. Okùn irin, wọn ò lò ó rárá lọ́dún yẹn. Ìgbìmọ̀ tí Leo Linbeck kékeré darí ló tú èyí síta. Àwọn náà ló rí i pé kò sí àwòrán kíkọ́ kankan tí ẹnjiníà ṣe; láti ẹnu ọmọ ọdún tó ń parí ni ìmọ̀ ti ń bọ́ sétí ọmọ tó kù lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ohun tó ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Yunifásítì fòpin sí i. Láti ọdún 2003, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dá tiwọn lórí ilẹ̀ aládàáni lẹ́yìn ìlú. Lóde òní, gbogbo igi ló gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, tó fi mọ́ àwọn tó ga jù: wọ́n wà nínú, àwọn kúkúrú wà níta, kò sí igi tó dúró lórí igi. Òpó àárín ga ní ẹsẹ̀ bàtà 45, òpó mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 24 sì yí i ká, wọ́n fi páìpù irin dè wọ́n pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn àgbà kan ń sọ pé ìyẹn kì í ṣe Bonfire mọ́ nítorí pé yunifásítì ò lọ́wọ́ sí i. A ò gbà. Ta ló fún àwọn ọmọ ọdún 1909 láṣẹ?

Ibi tó wó sí gan-an ti di ibi ìrántí láti ọdún 2004: ẹnu ọ̀nà 12 yípo, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí ìlú ẹni tó kú.

Wọ́n ní A&M fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀ láti bá Texas gbá, síbẹ̀ orin wọn ò yé bú Texas. — Baba Ẹgbẹ́, Abẹ́òkúta

Eré wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1894. A&M kó lọ sí líìgì SEC lọ́dún 2012, Texas dúró sí Big 12, líìgì tí àwọn méjèèjì jọ wà tẹ́lẹ̀, eré sì dópin sórí 27 sí 25 tí Texas fi borí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, lórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá wọlé bí aago ṣe ń tán. Texas tẹ̀ lé wọn wọ SEC lọ́dún 2024, wọ́n sì na A&M 17 sí 7 ní Kyle Field, pápá àwọn ará College Station fúnra wọn. Ní ti orin, J.V. Wilson ló kọ ọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọn á gbé ọwọ́ lé èjìká ara wọn, wọn á máa mì sọ́tùn-ún sósì bí ayùn tó ń rẹ́ ìwo màlúù, nítorí màlúù oníwo gígùn ni àmì Texas. Bàbá, ṣé orin òwe wá ń retí kí ẹni tí wọ́n ń bú wà níjókòó ni?

Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Dallas. Kò sẹ́ni tó fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ṣé ó ṣì lè rọ́nà wọ ẹgbẹ́ náà bíi ti Ẹni Kejìlá yẹn? — Olùkàwé, Dallas

Ọ̀nà náà wà, ṣùgbọ́n ó ti há. Títí di ọdún 2024, ènìyàn 85 ni wọ́n lè fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nínú bọ́ọ̀lù yìí, àwọn tó ń sanwó ara wọn sì lè kún ẹgbẹ́ débi tó bá wù wọ́n. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó parí ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní House: yunifásítì lè san owó fún agbábọ́ọ̀lù tààrà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún gbogbo eré ìdárayá rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó bá wọ inú rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ènìyàn 105 lọ. Àwọn tó ń sanwó ara wọn ló kọ́kọ́ kan.

Ohun tí ọmọ yín máa ṣe: kó forúkọ sílẹ̀ ní NCAA Eligibility Center, ọ́fíìsì àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, kó ní kọ́ọ̀sì pàtàkì 16, kí 10 nínú wọn ti parí kí sáà keje girama tó bẹ̀rẹ̀, kí ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀ nínú àwọn kọ́ọ̀sì náà má sì wálẹ̀ ju 2.3 nínú 4 lọ. Kó gba ìwọlé bíi akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo, kó tó kọ̀wé béèrè ọjọ́ ìdánwò. Tó bá jẹ́ fisà F-1, fisà akẹ́kọ̀ọ́, ló wà lórí rẹ̀, kó má fọwọ́ sí ìwé owó kankan láì jẹ́ pé agbẹjọ́rò ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú kà á.

Kó má sì ka ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ sí ẹgbẹ́ ìkẹyìn. Olusegun Oluwatimi, ẹ ò ní béèrè ibi tí orúkọ yẹn ti wá, kúrò ní Virginia lọ sí Michigan lọ́dún 2022, ó sì gba Outland àti Rimington, àmì ẹ̀yẹ méjì fún àwọn tó dára jù nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ìlà iwájú, ní sáà kan ṣoṣo. Seattle Seahawks, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, ló mú un lọ́dún 2023; àwọn náà ni A&M gbé lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2006 nítorí pé wọ́n ń lo orúkọ Ẹni Kejìlá.

Ní tiwa, àyè kan nínú 105 yẹn la máa wò láti mọ̀ bóyá àṣà yìí ṣì wà láàyè. Yunifásítì tó gbà láti san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là láti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Jimbo Fisher lọ lọ́dún 2023 lágbára láti fi owó kún gbogbo àyè náà. Ẹ máa wo ẹni tó wọ nọ́ńbà 12.