Èsì: Ọmọ aládùúgbò yín l'Ọ́fà

Ẹ kú inú rere, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní aládùúgbò yín kan ṣaláìsí l'Ọ́fà, ṣé kí ẹ kàn mú ọmọ rẹ̀ wá sílé n'Ílọrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn wẹ́fíà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ìtọ́jú ọmọ, ní ìjọba ìbílẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní kóòtù ló ń fọwọ́ sí gbígba ọmọ tọ́. Ẹ pe ẹbí ọmọ náà jókòó pẹ̀lú.

Ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ ni èmi náà dàgbà sí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi sùn sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, tí mo fi àpò aṣọ mi rọrí, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ilé mi nìyẹn. Ẹ fún ọmọ náà ní àpótí tirẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó máa gbọ́ ohùn ìyá àgbà rẹ̀ lórí fóònù.