Houston sí Ìbàdàn: ẹ má ka wákàtí bàálù nìkan

Àǹtí wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ ní àìsùn di alẹ́ Ọjọ́bọ̀ n'Ìbàdàn, ìsìnkú di Ẹtì, àti pé íntánẹ́ẹ̀tì ní wákàtí mẹ́tàlá péré ni Houston sí Èkó, ẹ wá fẹ́ gbéra ní alẹ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Wákàtí mẹ́tàlá yẹn kì í ṣe irọ́. Ìṣirò ọ̀nà tààrà lójú òfurufú ni, nǹkan bí 10,470 kìlómítà. Iléeṣẹ́ bàálù United ló ń ná ọ̀nà yẹn láìdúró láti 2011, àmọ́ wọ́n fi í sílẹ̀ ní 2016. Ní báyìí, ẹ ó yà síbì kan. Atlanta ni mo máa ń yàn, torí ojú ọ̀nà gan-an ló wà: 1,110 kìlómítà dé Atlanta, 9,400 láti ibẹ̀ dé Ìkẹjà. Yíyà yẹn kò fi 50 kìlómítà kún ìrìn yín. Ẹni tó bá gba London ti fi nǹkan bí 2,300 kún tirẹ̀.

Ẹ wá ka aago. Nàìjíríà kì í sún aago síwá sẹ́yìn. Wákàtí mẹ́fà ló fi ṣíwájú Houston nígbà ooru, méje nígbà òtútù. Bàálù tó bá kúrò ní Atlanta ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, tó fò fún wákàtí 11, aago 9 tàbí 10 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló máa balẹ̀. Ẹ tún tò fún ìwé ìrìnnà, ẹ dúró de ẹrù. Lẹ́yìn náà ni 130 kìlómítà títì Ìbàdàn, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Mọ̀wé àti Ìbàfò lè sọ di ìrìn ọjọ́ kan. (Ọkọ̀ ojú irin wà láti Agége dé Mọ́níyà, bí àkókò rẹ̀ bá bá tiyín mu.) Ẹni tó bá kúrò nílé ní Houston láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, alẹ́ Ọjọ́rú ló máa tó fìdí kalẹ̀ n'Ìbàdàn. Tiyín tó jẹ́ alẹ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́?

Ẹ gbéra ní Àìkú. Ẹ sì jẹ́ kí Houston sí Atlanta àti Atlanta sí Èkó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Nígbà ìsìnkú ìyá tèmi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rà á, torí owó tí mo fẹ́ ṣọ́. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ pẹ́, èkejì kò dúró dè mí, iléeṣẹ́ kejì ní kò kan àwọn. Ojú oórì ni mo ti lọ kí ìyá mi.

Aṣọ tí ẹ máa wọ̀, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà. Bí Ẹtì yẹn bá sì jẹ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ sọ fún àwọn àlejò Èkó kí wọ́n ti wọ Ìbàdàn ní Ọjọ́bọ̀, nítorí ìsìn òru ìjọ Rédémù (Redeemed) tó máa ń dí títì yẹn.

Àbọ̀ máa ń fi bíi wákàtí kan pẹ́ ju àlọ lọ, torí afẹ́fẹ́ òkè tó ń ti bàálù lẹ́yìn nígbà àlọ ló máa dojú kọ ọ́ nígbà àbọ̀. Ẹ má ṣèlérí fún ọ̀gá yín pé ẹ ó wà níbi iṣẹ́ láàárọ̀ Ajé.