Ṣéènì Fàdákà Mi Ti Dúdú: Ṣé Ayédèrú Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá alágbẹ̀dẹ. Mo ra ṣéènì fàdákà kan ní Dùgbẹ̀ fún ìkómọjáde ọmọ mi. Àárín aṣọ ni mo tọ́jú rẹ̀ sí ní gbogbo ìgbà òjò. Nígbà tí mo máa mú un jáde, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọkọ mi ní wọ́n lù mí ní jìbìtì. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá ọmọ, Mọ́kọ́lá.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá wa. Ẹ bá mi sọ fún bàbá ọmọ pé kí wọ́n ṣe sùúrù: fàdákà gidi náà máa ń dúdú. Imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló ń fà á. Ó wà nínú èéfín, ó wà nínú ẹyin àti àlùbọ́sà, ó wà lára rọ́bà pẹ̀lú, ọ̀rinrin ìgbà òjò sì máa ń mú kí ó tètè ṣiṣẹ́.

Ẹ wo ìkọ́ ṣéènì náà. Bí ẹ bá rí 925, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nínú ìdá 1,000, fàdákà kó 925. Bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè lu òǹtẹ̀, nítorí náà ẹ wo ibi tó ti ń ha dáadáa. Bí ó bá pọ́n tàbí pupa lábẹ́, fàdákà kàn bò ó lójú ni.

Láti fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ fọ́ìlì sínú abọ́ tánganran, kí ṣéènì fara kan fọ́ìlì náà dáadáa. Ẹ bu síbí baking soda kan lé e, kí ẹ da omi gbígbóná sí i. Ẹ lè gbọ́ òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹ má fòyà, imí-ọjọ́ ló ń kúrò lára fàdákà lọ sára fọ́ìlì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ṣàn án, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún gbẹ. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí fàdákà yín kò ní dín kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín họ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí bílíìṣì kàn án rárá! Bí iyùn tàbí òkúta tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ má rì í sómi gbígbóná.

Inú náílọ́ọ̀nù tó ṣeé dé pa ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ pé idẹ ló wà lábẹ́, tí ojú rẹ̀ sì ti bó, fífọ̀ kò ràn án mọ́; alágbẹ̀dẹ ni yóò bá yín tún fàdákà bò ó.