Ìlà kan fún ohùn àti dátà: upload ni kí ẹ máa ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ọ́fíìsì ní Bódìjà, èèyàn méjìlá, fáíbà 20 Mbps kan ṣoṣo, ẹ fẹ́ kí tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì jọ máa gba orí ẹ̀, àmọ́ ohùn ń já mọ́ àwọn oníbàárà létí. Àwọn tó ta ìlà fún yín wá ní kí ẹ gbé e lọ sí 50 Mbps. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tó bá jẹ́ G.711 (ọ̀nà kan tí fóònù ń gbà sọ ohùn di dátà) ni fóònù yín ń lò, ìpè kan kì í jẹ ju nǹkan bíi 90 kbps lọ ní àlọ, iye kan náà ní àbọ̀. Kí gbogbo yín méjèèjìlá máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi díẹ̀ lé ní 1 Mbps (ìyẹn 1,000 kbps). Ibo wá ni 20 ń wọlé sí?

Upload ni, ìyẹn àlọ, ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síta. Ní ọ́fíìsì tiwa, ìrọ̀lẹ́ ni ohùn máa ń bàjẹ́ jù. A pààrọ̀ fóònù, a pààrọ̀ kébù. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ wá, ó wo iná ara modẹ́ẹ̀mù, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo bá ṣí kọ̀ǹpútà, mo tẹ ping 8.8.8.8 -t (àṣẹ tó ń fi ms, ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, sọ bí ìdáhùn ṣe pẹ́ tó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì), mo jókòó tì í. 14 ms, 15, 14. Bí akọ̀wé owó wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì ọjọ́ náà sórí Google Drive báyìí, ó di 380, ó di 620. Ó parí, ó padà sí 14. Ráúta ló ń to gbogbo ẹrù sórí ìlà kan, ohùn wá há sẹ́yìn fáìlì bí ọ̀kadà tó há sẹ́yìn tírélà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wẹ́wẹ́ ni fóònù ń gé ohùn, ẹyọ 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó bá pẹ́ dé, fóònù òdìkejì á dà á nù ni. Fáìlì ní tiẹ̀ lè dúró, kò séwu.

A ra ráúta MikroTik kékeré kan, a fi í sáàárín modẹ́ẹ̀mù àti ọ́fíìsì. A wọn upload tí à ń rí ní ti gidi lọ́sàn-án (kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé o), a wá fi ààlà sí i ní bíi 85% rẹ̀. Ìdí ni pé kí ẹrù lè dúró sọ́dọ̀ tiwa, níbi tí a ti lè sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kọjá. Ohunkóhun tó bá ní àmì DSCP 46 (àmì tó ń sọ pé ohùn nìyí, kó kọ́kọ́ kọjá) ló ń ṣíwájú; ọ̀pọ̀ fóònù orí tábìlì ló ń fi àmì náà sára ohùn fúnra wọn. Tó bá ti bọ́ síta, kò sẹ́ni tó ka àmì yẹn sí, nítorí náà ẹnu ọ̀nà tiyín ni iṣẹ́ wà.

Ẹ pa SIP ALG nínú ráúta, ìyẹn àtúnṣe tí ráúta ń ṣe fúnra rẹ̀ sí ìsọfúnni ìpè. Tí ẹ bá ń gbọ́ oníbàárà tí òun ò gbọ́ yín, tàbí tí ìpè ń já ní bíi ìṣẹ́jú-àáyá 32 géérégé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Kébù kan tó fún tábìlì kan: ihò méjì ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ fóònù, ti ògiri wọ ọ̀kan, kọ̀ǹpútà gba ìkejì. Ẹ fi àwọn fóònù sí VLAN tiwọn, ìyẹn ọ̀nà tiwọn lọ́tọ̀ lórí kébù kan náà.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Súwíìṣì PoE (èyí tó ń fi iná ránṣẹ́ gba inú kébù dátà) ni kí ẹ rà, kí gbogbo fóònù máa jẹ iná lára ẹ̀, kí òun, ráúta àti modẹ́ẹ̀mù fáíbà sì wà lórí inverter. Modẹ́ẹ̀mù ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, torí ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà ni ẹni tó wá fi í sí máa ń kàn án mọ́. NEPA á mú iná lọ, fóònù á ṣì máa tàn, kò ní sí ohùn kankan níbẹ̀.

Ẹ má sì ṣí port 5060 (ilẹ̀kùn tí ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gbà) sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn olè ń kan ilẹ̀kùn yẹn tọ̀sán-tòru. Tí password extension 101 (nọ́ńbà fóònù kan nínú ọ́fíìsì) bá lọ jẹ́ 101, wọ́n á fi ìlà yín pe òkè òkun di ojúmọ́, ẹ̀yin lẹ máa san án. Ẹ ní kí wọ́n ti ìpè òkè òkun pa tí ẹ ò bá nílò ẹ̀.

Ẹ ṣe ping yẹn lọ́la, nígbà tí ọwọ́ gbogbo ọ́fíìsì bá dí. Tí nọ́ńbà ò bá fò sókè nígbà tí ohùn ń já, wàhálà yín yàtọ̀ sí tiwa. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta nọ́ńbà tẹlifóònù fún yín ni kí ẹ lọ bá.