Dúdúyẹmí Ń Wọ Ìtẹ́, Ó Ń Jáde, Kò Yé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní àgbébọ̀ kan, Dúdúyẹmí lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe adìyẹ pípa, ọ̀rẹ́ ilé ni. Láti àná ló ti wú ìyẹ́, ó ń wọ inú ìtẹ́, ó ń jáde, kò sì yé. Ó dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ ń mì sókè sódò. Aládùúgbò mi ní ara rẹ̀ ń gbóná, pé kí n da oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic) sínú omi rẹ̀. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Tó bá sì padà yé, ṣé ẹyin náà ṣe é jẹ?
Ìyá Dúdúyẹmí

ÌDÁHÙN: Ìyá Dúdúyẹmí, ẹ dá oògùn yẹn padà sínú páálí rẹ̀ ná. Kí aládùúgbò yín má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ara adìyẹ tó le koko gan-an máa ń gbóná tó ìwọ̀n 40 sí 42 Celsius. Kò sí bí ẹ ṣe máa gbé e tí ọwọ́ yín ò ní sọ pé ibà ni.

Ọwọ́ yẹn náà ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Láàárọ̀ kùtù, kó tó jẹun, ẹ tẹ àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ó yẹ kó ti ṣófo. Tó bá ṣì le gbandi, nǹkan ti há síbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ koríko gígùn. Ẹ fọwọ́ kan egungun àyà: tó bá mú bí ọ̀bẹ, ó ti pẹ́ tó ti ń rù láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí adìyẹ mọ àìsàn fi pamọ́. Tí ògbe rẹ̀ bá funfun, ẹ fura sí aran tàbí iná adìyẹ. Ẹ tú ìyẹ́ ìdí rẹ̀ wò.

Àmọ́ ohun tí ẹ kọ yìí jọ ẹyin tó há. Adìyẹ tó ń sàba kì í wọlé jáde báyẹn; ṣe ló máa jókòó pa, táá máa bínú sí gbogbo ayé. Ẹyin kan sì ń gba nǹkan bí wákàtí 24 sí 26 kó tó pé, nítorí náà kì í ṣe pé kò yé lánàá ló bà mí lẹ́rù, ìrù tó ń mì yẹn ni. Èèpo ẹyin ń gba kálísíọ̀mù púpọ̀, iṣan tó ń ti ẹyin jáde náà sì nílò rẹ̀. Tí kò bá tó, iṣan a dẹ̀, ẹyin a dúró sójú ọ̀nà.

Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ ńlá, kó má gbóná ju ara adìyẹ lọ, kẹ́ ẹ gbé e sínú rẹ̀ kó dé ikùn fún bí ìṣẹ́jú 20. Ọ̀pọ̀ máa ń tòògbé níbẹ̀. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró mímọ́ díẹ̀ pa ojú ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sínú páálí tó móoru, tó ṣókùnkùn, tí kò sí ariwo, pẹ̀lú omi àti ìkarawun lílọ̀ nítòsí. Ẹ ṣáà má tẹ ikùn rẹ̀. Tí ẹyin bá fọ́ sínú, wàhálà tuntun nìyẹn. Ẹ má sì rọ ọ́ lómi tipátipá, ojú ihò ìmí wà nídìí ahọ́n rẹ̀, omi lè gbabẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Tí kò bá tíì yé títí ilẹ̀ ọ̀la fi mọ́, tàbí tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, dókítà ẹranko ló kàn. Ẹyin tó há lè pa adìyẹ láàárín ọjọ́ méjì. Tó bá jẹ́ pé ìgbẹ́ rẹ̀ ló di ọbẹdò, tí ọrùn ń yí, tí àwọn yòókù náà ń wú ìyẹ́, ẹ fura sí lúkúlúkú, àrùn adìyẹ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kíá kẹ́ ẹ pe dókítà. Oògùn apakòkòrò kì í pa fáírọ́ọ̀sì.

Ní ti ẹyin: tó bá jáde láìfọ́, tí Dúdúyẹmí ò sì lo oògùn kankan, ẹ sè é jinná kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Tí dókítà bá fún un lóògùn, ẹ bi í ní iye ọjọ́ tí ẹyin rẹ̀ ò ní ṣe é jẹ, torí oògùn a máa wọnú ẹyin. Èyí tó bá ti sán tàbí tó ń rùn, ẹ sọ ọ́ nù, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ yín.