Iye kílò tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé kò lè wọn ọjà oògùn olóró
Mo kí yín kú iṣẹ́ ìwádìí. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá iye kílò oògùn olóró tí àjọ agbófinró ń gbẹ́sẹ̀ lé lọ́dọọdún lè fi hàn pé òfin ń ṣiṣẹ́, àti bí yóò ti pẹ́ tó kí wọ́n tó fún yín ní àkọsílẹ̀ tí ẹ béèrè fún. Ojú mi ti rí tó lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Iye kílò nìkan kò lè dáhùn ìbéèrè yín. Bí ẹrù tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé bá pọ̀ sí i, ó lè jẹ́ pé àwọn agbófinró tẹpá mọ́ṣẹ́, ó lè jẹ́ pé ẹrù tó ń kọjá ló pọ̀ sí i, ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ló ta wọ́n lólobó nípa ọkọ̀ ńlá kan ṣoṣo. Bákan náà ni iye àwọn tí wọ́n ń mú: àdúgbò tí wọ́n bá kó ọlọ́pàá sí ni wọn yóò ti mú èèyàn púpọ̀, kódà bí àwọn tó ń lo oògùn olóró níbẹ̀ kò bá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ àjọ náà ni irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ń ròyìn, kì í ṣe bí ọjà ṣe ń lọ.

Ní ti gbígba àkọsílẹ̀, àjọ náà ní kí n kọ lẹ́tà, mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ mi náà kọ tirẹ̀, wọ́n kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ pé ọ̀gá tó yẹ kó buwọ́ lù ú ti lọ sí ẹ̀ka mìíràn, kí n lọ tún gbogbo rẹ̀ kọ sí ẹni tó gba ipò rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá tuntun yìí pè mí, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni orúkọ àwọn tó ń lo oògùn olóró tí mo ti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ó ní ààbò ìlú ló jẹ òun lógún. Mo kọ̀ jálẹ̀, fáìlì mi sì sùn sórí tábìlì rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi títí di òní, nítorí pé ọjọ́ tí orúkọ ẹnìkan bá ti ẹnu olùwádìí jáde ni òtítọ́ tán ní àdúgbò yẹn fún gbogbo olùwádìí tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àpapọ̀ oṣooṣù lásán ni wọ́n padà fún mi. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi rí ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó fi ọwọ́ kọ, ibẹ̀ sì ni àṣírí wà. Ọkọ̀ ńlá kan, tí nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n mú un kò yàtọ̀, wà nínú ìwé àwọn aṣọ́bodè, ó wà nínú ti ọlọ́pàá, ó tún wà nínú ti àjọ oògùn olóró, wọ́n sì ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ní ibùdó kan, ewé igbó tútù ni wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n tòun ti igi àti gbòǹgbò. Ní ibùdó mìíràn, èyí tó ti gbẹ tí wọ́n ti dì fún títà ni. Ìyẹ̀fun tí wọ́n kọ kokéènì sí lára kò tíì dé yàrá àyẹ̀wò nígbà tí wọ́n ti kéde rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gba àpapọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè ọjọ́, ibùdó, nọ́ńbà ẹjọ́ àti èsì àyẹ̀wò fún ẹrù kọ̀ọ̀kan.

Òfin fúnra rẹ̀ tún máa ń tẹ nọ́ńbà. Ní Amẹ́ríkà, 50 gíráàmù kokéènì tí wọ́n ń pè ní crack ló ń fa ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ó kéré tán, títí wọ́n fi sọ ọ́ di 280 ní ọdún 2010. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ tí wọ́n kọ pé ẹrù inú rẹ̀ jẹ́ 280 gíráàmù tàbí kí ó lé díẹ̀ wá pọ̀ sí i lójijì.

Ẹ wo iye owó tí wọ́n ń tà á, kí ẹ sì ṣírò àbùlà mọ́ ọn, nítorí pé ẹni tó ń tà á lè fi owó sílẹ̀ bó ṣe wà kó sì bu omi là á. Láàárín ọdún 1980 sí 2000, iye àwọn tí Amẹ́ríkà jù sẹ́wọ̀n nítorí oògùn olóró lọ sókè gan-an, síbẹ̀ owó kokéènì àti heroin ń wálẹ̀ ni. Ní Afghanistan, lẹ́yìn òfin oṣù kẹrin ọdún 2022 tó ka gbígbin òdòdó tí wọ́n fi ń ṣe opium àti heroin léèwọ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ń gbìn ín sí já láti nǹkan bí 233,000 hẹ́kítà sí 10,800 ní ọdún 2023. Owó opium fò sókè, àwọn tó ti kó o pamọ́ ló sì jèrè. Ẹni tó bá ka hẹ́kítà nìkan kò ní rí ìyẹn. Omi ìdọ̀tí náà wúlò, nítorí pé ìtọ̀ àwọn tó ń lo oògùn olóró máa ń ṣàn sínú rẹ̀: ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí ní Ítálì fi omi odò Po ṣírò iye kokéènì tí àwọn ará agbègbè ń lò.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fi Portugal ṣe ẹ̀rí ohun gbogbo láìka òfin rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2001, ẹni tí wọ́n bá ká ìwọ̀nba tó lè lò fún ọjọ́ 10 mọ́ lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀daràn mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì rú òfin, iwájú ìgbìmọ̀ ni yóò sì lọ. Ẹni tó ń tà á ṣì ń lọ sẹ́wọ̀n. Oregon, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun tó jọ ọ́ ní ọdún 2021, wọ́n sì yí i padà ní 2024, ṣùgbọ́n àkókò yẹn gan-an ni fentanyl, oògùn olóró tó le ju heroin lọ, ń wọlé síbẹ̀, nítorí náà ẹ má yára dá òfin lẹ́bi tàbí láre.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò bóyá kóòtù lè fi túláàsì gba ìwé yín. Amẹ́ríkà ní ìwé àṣẹ tó ń dáàbò bo olùwádìí lórí èyí; ẹ má rò pé ibi tí ẹ wà ní irú rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ sílẹ̀ rárá, ẹ má sì bi wọ́n nípa ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́la.

Bí àjọ náà bá ń fi yín falẹ̀, ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù ni kí ẹ gbà lọ. Nínú fáìlì ẹjọ́ tó ti parí, ẹ ó rí ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n fi ẹ̀rí gbè, èsì yàrá àyẹ̀wò, àti nígbà mìíràn iye tí wọ́n ní wọ́n rà á.