Ìbéèrè Yín: Ṣé Ká Pààrọ̀ Awọ Òṣèré, àbí Ká Kọ Ìtàn Tuntun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Ìwé eré ni mò ń kọ lọ́wọ́. Mo fẹ́ lo ìtàn ọmọbìnrin inú òkun tí Hans Christian Andersen kọ, kí n fi aláwọ̀ dúdú ṣe olórí eré. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ ìtàn tiwa gan-an. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín ló jàre jù, àmọ́ èrò yín náà kò burú. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Ọdún 1837 ni ìtàn Andersen jáde, gbogbo ayé ló lè lò ó. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin inú ìwé rẹ̀ kò lórúkọ. Orúkọ Ariel tí wọ́n fún un, pẹ̀lú akàn tó ń kọrin àti àwọn orin inú fíìmù 1989, ti Disney, ilé iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà, ni. Bí ẹ bá fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, ẹjọ́ lẹ ń wá yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ìwé eré yín wò láti ìran dé ìran: bó bá jẹ́ òyìnbó ló ṣe olórí eré, kí ni ìbá yàtọ̀? Bí kò bá sí nǹkan kan, awọ nìkan lẹ pààrọ̀. Ìyẹn náà níṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí Halle Bailey, òṣèré aláwọ̀ dúdú, ṣe Ariel nínú fíìmù Disney lọ́dún 2023, wọ́n jẹ́ kí dàda orí rẹ̀ hàn. Ẹ nílò onírun tó mọ irun wa, àti oníná tó mọ awọ dúdú í tàn sí. Bí wọ́n bá fi iná tí wọ́n tò fún awọ funfun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú òṣèré á rì sínú òkùnkùn, ẹyinjú àti eyín nìkan la ó máa rí.

Ìtàn tiwa ló lérè jù, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń bàjẹ́: kí wọ́n tó pe ẹni tó mọ àṣà, ìwé eré á ti parí. Onítọ̀hún lè tún gèlè wé. Kò lè tún gbòǹgbò ìtàn, bí ìdí tí ìyá fi lé ọmọ jáde, kọ mọ́. Lọ́dún 2013, Disney fẹ́ sọ orúkọ ọdún àwọn òkú tí àwọn ará Mẹ́síkò ń ṣe di tiwọn nítorí fíìmù Coco. Ariwo sọ, wọ́n sì jáwọ́. Wọ́n wá pe Lalo Alcaraz, ayàwòrán tó fi àwòrán bẹnu àtẹ́ lù wọ́n, pé kó wá gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ẹ̀yin ẹ má dúró de ariwo. Ẹ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìtàn ṣì wà lójú ìwé méjì, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àdéhùn. Kí olùkọ́ èdè náà wà níbi tí ẹ ti ń ya eré, nítorí àṣìṣe ohùn tó bá bọ́ lọ lọ́jọ́ yẹn, sítúdíò lẹ ó ti padà san owó àtúnṣe rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí inú fi ń bí wa gan-an bí òyìnbó bá ṣe ipò ẹ̀yà mìíràn?

ÌDÁHÙN: Nítorí ohun tó ń gbà lọ́wọ́ onílé. Lọ́dún 1956, John Wayne, òṣèré òyìnbó Amẹ́ríkà, ló ṣe Genghis Khan, ọba àwọn Mòǹgólíà, nínú fíìmù. Ènìyàn gidi ni Khan, ó ní ìran tó bí i, àwọn òṣèré ìran Éṣíà kì í sì í rí ipò ńlá gbà ní Hollywood nígbà náà. Ọmọbìnrin inú òkun kò ní irú ìran bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀yà ẹni bá jẹ́ gbòǹgbò ìtàn, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀, sọ́tùn-ún tàbí sósì.